Ceramide, ooru àti omi: ìdí tí èròjà kan náà fi ń fi ojú méjì hàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi ceramide NP, irú ọ̀rá kan tó wà nínú awọ ara, ṣe ìpara. Mo dà á sínú òróró ní 75 °C, mo rò ó fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì da omi tó gbóná bákan náà lé e. Nígbà tó tutù, ó dán, ó sì kúnná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti di oníyanrìn lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò tún bá mi gbé ceramide NS tí ásíìdì rẹ̀ jẹ́ oníkábọ́ọ̀nù 16, tí a ti pò mọ́ omi, sínú ẹ̀rọ DSC, tó ń wọn ooru tí èròjà ń gbà tàbí tó ń tú sílẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Nígbà tí a kọ́kọ́ mú un gbóná, góńgó kan ṣoṣo ló yọ, ní itòsí 90 °C. A jẹ́ kó tutù, a tún mú un gbóná: góńgó mìíràn ti yọ láàárín 50 sí 70 °C, ó sì kọjú sí òdìkejì ti àkọ́kọ́. Ṣé omi ló ń yí i padà ni, àbí ooru? Báwo ni nǹkan kan náà ṣe ń fi ojú méjì hàn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ nǹkan tí ẹ rí sílẹ̀ ní kíkún. Orísun kan náà ni ìṣòro méjèèjì ti wá. Ìrísí tí ceramide ní lónìí kò sinmi lórí ìwọ̀n ooru tó wà lónìí nìkan. Ó sinmi lórí ọ̀nà tó gbà débẹ̀: ibi tí ooru rẹ̀ gòkè dé, bí ìtutù rẹ̀ ṣe yá tó, àti bóyá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó rọ̀. Ooru ń ṣiṣẹ́ lára ìrù mólékù náà, omi ń ṣiṣẹ́ lára orí rẹ̀. Ẹni tó bá da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ yóò máa ka àbájáde rẹ̀ lódì.

Ẹ jẹ́ ká wo mólékù náà fúnra rẹ̀. Ceramide ní ìrù méjì àti orí kékeré kan. Ìrù kan jẹ́ ti sphingosine tàbí ìbátan rẹ̀, ìkejì jẹ́ ti ásíìdì ọ̀rá, ìdè amide ló sì so wọ́n pọ̀. Nínú awọ ara èèyàn, ásíìdì yìí sábà máa ń gùn tó kábọ́ọ̀nù 24. Ní ti orí, kò ju OH (ọ́síjìn àti haidirójìn tó so pọ̀) méjì sí mẹ́rin àti amide yẹn lọ. Kò ní fọ́sífétì, kò sì gbé ẹrù iná kankan.

Ẹ fi í wé sphingomyelin, tí ìrù rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, àmọ́ tó gbé phosphocholine, ẹyọ ńlá tó ní fọ́sífétì, lórí. Sphingomyelin oníkábọ́ọ̀nù 16 tó ti mu omi ń yọ́ ní itòsí 41 °C. Ceramide oníkábọ́ọ̀nù 16 ń yọ́ ní itòsí 90 °C. Orí ńlá yẹn nìkan la gé kúrò, ìwọ̀n ooru ìyọ́ sì gòkè tó nǹkan bí 50 dígírì. Ìdí rẹ̀ ni pé orí kékeré kò gba àyè. Àwọn orí súnmọ́ ara wọn, OH ọ̀kan di amide èkejì mú pẹ̀lú ìdè haidirójìn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdè yẹn sì nà káàkiri ìpele náà láti mólékù dé mólékù.

Àwọn lẹ́tà ara orúkọ wọn ṣe pàtàkì fún ohun tí ẹ ń ṣe. Lẹ́tà iwájú ń sọ irú ásíìdì: N ni èyí tí kò ní OH, A ni èyí tó ní OH ní ẹ̀gbẹ́ amide, EO ni èyí tó gùn gan-an, tí linoleic acid tún so mọ́ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀yìn ń sọ irú ìpìlẹ̀, ìyẹn ìrù tí kì í ṣe ti ásíìdì: S ni sphingosine, tó ní ìdè onílọ́po-méjì láàárín kábọ́ọ̀nù 4 àti 5. P ni phytosphingosine, tí kò ní ìdè onílọ́po-méjì yẹn, tó sì ní OH kan sí i lórí kábọ́ọ̀nù 4. OH kan tó lé yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó fi okùn kan kún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdè, ó sì ń ti ìwọ̀n ooru ìyọ́ NP kọjá 100 °C. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìpara yín ti kọ́kọ́ ní ìṣòro.

Iṣẹ́ ooru lára ìrù

Ipò mẹ́ta ni ìrù lè wà. Èyí tó le jù ni a ń pè ní orthorhombic. Gbogbo ìrù nà tààrà, wọ́n fún mọ́ra bí ìgbálẹ̀ inú ọwọ̀ tí a so dan-in, kò sí èyí tó lè yí lórí ara rẹ̀. Tí a bá tan X-ray sí i, ìlà méjì ló máa ń yọ, ní 0.41 nm àti 0.37 nm, nítorí pé àyè tó wà láàárín ìrù kò dọ́gba ní gbogbo ìhà. Ipò kejì ni hexagonal. Ìrù ṣì nà, àmọ́ ó ti rí àyè láti yí, àyè àárín wọn ti dọ́gba yíká, ìlà 0.41 nm nìkan ló sì kù. Ìkẹta ni ipò olómi: ìrù ń tẹ̀, ó ń ká, ìlà tó mú ti parẹ́, ohun tó kù ni ìlà fífẹ̀ kan ní itòsí 0.46 nm.

Ẹ lè fi infrared rí ohun kan náà láìní X-ray. Ìlà CH₂ tó ń nà máa ń wà ní 2849 sí 2850 cm⁻¹ nígbà tí ìrù bá tò dáadáa, ó sì ń fò lọ sí 2853 tàbí 2854 nígbà tó bá yọ́. Ìlà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín orthorhombic àti hexagonal, nítorí ìrù nà nínú méjèèjì. Ẹ wo ìlà CH₂ mìíràn ní itòsí 1467 cm⁻¹. Nínú hexagonal, ó dá wà. Nínú orthorhombic, ó pín sí méjì, 1463 àti 1473. Bákan náà ni 719 àti 730 cm⁻¹. Tí ẹ bá ń mú èròjà gbóná díẹ̀díẹ̀, tí ìlà méjèèjì ń súnmọ́ra títí wọ́n fi di ọ̀kan, ẹ ti rí ibi tí orthorhombic parí sí.

Nínú stratum corneum, ìyẹn ìpele òkú tó wà lókè pátápátá awọ ara, ceramide kò dá gbé. Ó tó nǹkan bí ìdajì ìwúwo ọ̀rá ibẹ̀. Cholesterol àti ásíìdì ọ̀rá ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Tí a bá ka mólékù dípò ìwúwo, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àdàpọ̀ yìí ń kúrò ní orthorhombic bọ́ sí hexagonal láàárín 30 sí 40 °C, ìrù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní itòsí 65 sí 75 °C. Ojú ìta awọ èèyàn máa ń wà ní nǹkan bí 32 °C. Ẹnu ààlà ìyípadà àkọ́kọ́ gan-an ni awọ ara wa ń gbé.

Àwọn kan ń kọ ọ́ pé bí orthorhombic bá ti di hexagonal, ààbò awọ ti wó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ìyípadà yẹn ń mú bá ohun tó ń kọjá lára awọ kéré sí ohun tí ìyọ́ ìrù ń fà ní 65 °C sókè. Ìrù tó nà tó sì ń yí ṣì jẹ́ ògiri. Ìrù tó ń ká ni ògiri tó ti là. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìpara fún yín pẹ̀lú ìlérí pé ó ń “dá orthorhombic padà” bí ẹni pé gbogbo ààbò awọ wà níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí bí ìrù ṣe tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ìpele ṣe gun orí ara wọn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ìtò méjì ló wà nínú awọ. Èyí kúkúrú ń tún ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí 6 nm, èyí gígùn ní nǹkan bí 13 nm. Èyí gígùn kì í jáde dáadáa láìsí ceramide onílẹ́tà EO, nítorí linoleic acid ìdí rẹ̀ ṣì máa ń wà ní ipò olómi níbi tí gbogbo ìrù tó kù ti le. Tí ẹ bá ṣe àdàpọ̀ láìfi EO sí i, tí ẹ sì ń wá ìlà 13 nm, ẹ óò wá a títí. Ceramide tún lè dúró ní ọ̀nà méjì: kí ìrù méjèèjì kọjú sí ìhà kan náà, tàbí kí ọ̀kan kọjú sókè, kí èkejì kọjú sísàlẹ̀. Ní 2012, ẹgbẹ́ Lars Norlén ní Sweden lo máíkíróskóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lórí awọ tí a dì láìjẹ́ kí omi rẹ̀ di kírísítálì, wọ́n sì dámọ̀ràn pé ìdúró kejì yìí ni ceramide wà nínú awọ èèyàn. Ìdúró bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe fún ọ̀rá tó nílò omi púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, èyí sì gbé wa dé ọ̀rọ̀ omi.

Ohun tí omi lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ẹni tó ti fi phospholipid, ìyẹn ọ̀rá tó ní fọ́sífétì lórí, ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé tí a bá fi omi sí i, omi á wọ àárín àwọn ìpele, wọn á wú, wọn á sì di àpò kéékèèké. Ó máa ń rò pé ceramide á ṣe bákan náà. Ceramide kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orí phospholipid kan lè mú ju mólékù omi mẹ́wàá lọ mọ́ra. Láàárín àwọn orí ceramide, mólékù kan tàbí méjì ló ń rí àyè. Tí ẹ bá da ceramide lásán sínú omi ní ìwọ̀n ooru yàrá, lulú ni yóò máa jẹ́. Á léfòó tàbí kó ṣù pọ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó nínú omi.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú awọ. Tí stratum corneum bá mu omi, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì òkú tó kún fún keratin, purotéènì líle awọ, ni omi ń lọ. Wọ́n ń wú sókè ju bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìtò 6 nm àti 13 nm kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Tí awọ bá wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi á kóra jọ sójú kan láàárín ọ̀rá, ìpele á sì tú níbẹ̀. Yíya ìpele nìyẹn, kì í ṣe wíwú rẹ̀.

Kí wá ni omi ń ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ méjì ni. Èkíní, ó ń gba díẹ̀ lára ìdè haidirójìn tí orí fi ń di orí mú, orí á rọ̀, ìwọ̀n ooru ìyọ́ á sì wálẹ̀. Nínú stratum corneum gbígbẹ, góńgó ìyọ́ ọ̀rá ga. Bí omi bá ṣe ń wọlé ni góńgó yẹn ń wálẹ̀, títí dé ibi tí orí ti yó. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tí ẹ bá fi kún un kò tún rí ohun kan ṣe mọ́. Nítorí náà ni kò ṣe bọ́gbọ́n mu kí ẹ máa ronú pé bí omi bá ṣe pọ̀ sí ni ceramide á ṣe rọ̀ sí.

Iṣẹ́ kejì ló kan góńgó òdìkejì yín. Nígbà tí ìrù bá ti túra díẹ̀, omi ń bá orí wá ọ̀nà kúrò nínú ìdúró tí kò bá a mu bọ́ sí èyí tó bá a mu jù. Ó ń tú ìdè tí kò dára, ó sì ń jẹ́ kí èyí tó dára so. Láìsí ooru, ìrù kò ní gbà kí orí yí. Láìsí omi, orí lè dúró pẹ́ nínú ìdúró àkọ́kọ́ tó bọ́ sí.

Góńgó tó kọjú sí òdìkejì

Ohun tí ẹ rí bá ohun tí a mọ̀ nípa ceramide oníkábọ́ọ̀nù 16 mu. Ìwádìí lórí rẹ̀ ti wà láti 1995. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná, èròjà yín ti pẹ́ nínú ìgò, ó ti wà ní ipò tó fìdí múlẹ̀, nítorí náà góńgó ìyọ́ nìkan ló yọ ní 90 °C. Nígbà tí ẹ mú un tutù láti òkè 90 °C, ìrù yára dì kí orí tó rí àyè tò. Ó bọ́ sí ipò ìgbà díẹ̀, tí ìpele rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí 4.7 nm. Ipò yẹn lè dúró ní ìwọ̀n ooru yàrá. Nígbà tí ẹ tún mú un gbóná dé 50 sí 70 °C, ìrù túra tó láti jẹ́ kí orí yí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdè haidirójìn pa dé, ó sì tú ooru sílẹ̀. Ooru tó jáde yẹn ni góńgó òdìkejì. Ìpele wá sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 4.2 nm, nítorí pé ìtò tuntun ti orí ń gba àyè díẹ̀ sí i, ìrù sì ní láti dagun kí ó tó lè kún àyè náà. Lẹ́yìn èyí ni ó tó yọ́ ní 90 °C bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹ lè fìdí èyí múlẹ̀ fúnra yín. Ẹ mú èròjà náà gbóná dé 95 °C, ẹ mú un tutù dé 20 °C, ẹ tún gbé e dé 75 °C, kí ẹ sì dá a dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ mú un tutù, kí ẹ wá mú un gbóná lẹ́ẹ̀kẹta. Góńgó òdìkejì gbọ́dọ̀ parẹ́, ti 90 °C á sì kù. Tí ti òdìkejì bá ṣì wà, wákàtí kan kò tó, tàbí omi ti sá kúrò nínú àwo.

Omi tó ń sá ni ó ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́ jù. Ẹ lo àwo alumíníọ̀mù tó ṣeé sé pa. Ceramide mílígírámù 2 sí 5 tó, pẹ̀lú omi tí ìwúwo rẹ̀ kò kéré sí ti ceramide. Ẹ wọn àwo náà kí ẹ tó gbé e sínú ẹ̀rọ, kí ẹ tún wọn ọ́n lẹ́yìn. Tí ìwúwo bá dín, kódà kó jẹ́ ìdá díẹ̀ nínú mílígírámù kan, ẹ da àbájáde yẹn nù. Góńgó fífẹ̀ tó yọ ní itòsí 100 °C sábà máa ń jẹ́ ti omi tó ń jò, kì í ṣe ti ceramide. Tí ẹ bá fẹ́ kọjá 100 °C pẹ̀lú omi nínú àwo, ẹ gbọ́dọ̀ ní àwo tó lè gba agbára ategùn omi. Ẹ mú un gbóná ní dígírì 1 tàbí 2 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá mú un yára ní dígírì 10, ìyípadà tó lọ́ra kò ní parí kí ìyọ́ tó bẹ̀rẹ̀, góńgó 90 °C á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀nà tí ẹ gbà fún ceramide lómi náà ṣe pàtàkì. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ sé e, ẹ gbé e dé 95 °C, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tí kò tíì pàdé orí nígbà tí ìrù ti yọ́ kò tíì wọlé.

Fún àdàpọ̀ bíi ti awọ, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ tú ceramide, cholesterol àti ásíìdì ọ̀rá sínú chloroform àti methanol, ìdá 2 sí 1. Ẹ fi náítírójìn gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi í sínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde mọ́jú. Chloroform tó bá kù ń rọ ìrù, yóò sì fi ìwọ̀n ooru tó kéré tàn yín jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́fà ásítétì (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí) tí pH rẹ̀ jẹ́ 5 rin ín, ẹ gbé e dé 70 sí 80 °C fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Kí ẹ má fi pH ṣeré: tí ó bá kọjá 7, ásíìdì ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í di ọṣẹ, orí rẹ̀ á gbé ẹrù iná, ìtò náà á sì di nǹkan mìíràn pátápátá. Tí linoleic acid bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣí i sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ nígbà tó bá gbóná.

Tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni ẹ fẹ́ yí dípò omi, ẹ lo omi iyọ̀ tí iyọ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú àpótí tó pa dé. Ní 25 °C, lithium chloride ń fúnni ní ọ̀rinrin 11 nínú ọgọ́rùn-ún, magnesium chloride 33, iyọ̀ jíjẹ 75, potassium sulfate 97. Ẹ fi èròjà náà síbẹ̀ títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní yí mọ́ ní ìgbà méjì tí ẹ bá wọn ọ́n tẹ̀léra. Tí infrared ni ẹ fẹ́ lò, D₂O, ìyẹn omi tí haidirójìn rẹ̀ wúwo, sàn ju omi lásán lọ, nítorí omi ní ìlà ńlá kan ní itòsí 1645 cm⁻¹ tó ń bo ìlà amide mọ́lẹ̀, amide sì ni ẹ fẹ́ wò tí ẹ bá ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orí.

Pẹ̀lú X-ray, ẹ máa ṣọ́ ìlà kan ní itòsí 3.4 nm. Cholesterol tó ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn. Tí ó bá yọ, ìwọ̀n cholesterol tí ẹ kọ sínú ìwé kọ́ ló wà láàárín ceramide. Kò sì tọ́ kí ẹ máa ṣàlàyé ìwọ̀n ooru ìyọ́ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló pò.

Ìpara yín

Ẹ ti mọ̀ báyìí pé NP ń yọ́ ní òkè 100 °C. Ní 75 °C, pẹ̀lú òróró tí kò ní OH, NP kò yọ́ tán, àní bí ojú bá rí i pé ó mọ́. Ẹyọ tíńtìntín tó kù níbẹ̀ di irúgbìn. NP tó yọ́ wá bọ́ sí ipò ìgbà díẹ̀ nígbà tí ìpara tutù, ìdí nìyẹn tó fi dán ní ọjọ́ kìíní. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń kúrò ní ipò yẹn díẹ̀díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ irúgbìn, ó sì di kírísítálì tí ọwọ́ ń gbọ́. Omi ìpara yín kò lè dá a dúró, nítorí omi ń hó kí NP tó dá yọ́. Ẹ kò lè fún NP nìkan lómi nínú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ má jẹ́ kí NP dá wà. Cholesterol àti ásíìdì ọ̀rá tó gùn ń wọ àárín rẹ̀, wọ́n ń já nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdè orí rẹ̀, ìwọ̀n ooru ìyọ́ àdàpọ̀ sì ń wálẹ̀ dé ibi tí omi lè bá a ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó tà á fún yín pé ásíìdì wo ló wà lára NP náà. Èyí tó ní oleic acid ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru tó kéré sí ti stearic, nítorí ìdè onílọ́po-méjì àárín rẹ̀ ń tẹ̀ ìrù. Tó bá jẹ́ ti stearic, ìwúwo mólékù rẹ̀ jẹ́ 584, ti cholesterol jẹ́ 387, ti behenic acid, tó jẹ́ ásíìdì ọ̀rá tó gùn, jẹ́ 341. Kí mólékù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dọ́gba nínú ìpara gírámù 100, ẹ lo NP gírámù 0.30, cholesterol 0.20 àti behenic acid 0.175. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìwúwo dọ́gba dípò mólékù. Lọ́nà yẹn, behenic acid á pọ̀ jù, NP á sì kéré jù.

Ẹ da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú octyldodecanol, ọtí ọ̀rá kan tó jẹ́ olómi, bíi gírámù 5. OH ara rẹ̀ ń bá orí ceramide dè, èyí tí òróró lásán kò lè ṣe. Ẹ gbé e dé 90 sí 95 °C, kí ẹ sì máa rò ó títí tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kọjá nínú rẹ̀ láìrí ẹyọ kankan. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i lẹ́yìn ìyẹn, nítorí irúgbìn tí ojú kò rí ni ọ̀tá yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ọ̀rá ìpara tó kù sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sí 85 °C. Omi náà gbọ́dọ̀ wà ní 85 °C. Tó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ceramide á dì lójú ẹsẹ̀ níbi tí omi ti kàn án. Ẹ wọn ìkòkò omi lẹ́yìn tó bá gbóná, kí ẹ sì fi omi gbígbóná dípò èyí tó ti di ategùn.

Ẹ fi ẹ̀rọ àpòpọ̀ lù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìjẹ́ kó bọ́ sí ìsàlẹ̀ 75 °C. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́ bó ṣe ń tutù, nǹkan bíi dígírì kan ní ìṣẹ́jú kan, títí dé 40 °C. Ẹ má gbé e sínú omi tútù. Ìtutù òjijì ló ń ti ceramide sínú ipò ìgbà díẹ̀ jù, ẹ sì ti rí ohun tí ipò yẹn ń ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àmọ́ ìtutù jẹ́jẹ́ kò lè tún ohun tí kò yọ́ ṣe. Ẹ tún pH ṣe sí 5 sí 5.5 níkẹyìn.

Fún àyẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pẹ́ jù láti dúró kí ẹ tó mọ̀. Ẹ pín ìpara sọ́nà méjì. Ẹ fi ìdá kan sílẹ̀ ní 25 °C. Ìkejì, ẹ máa gbé e láàárín 45 °C àti ìwọ̀n ooru fíríìjì, wákàtí 24 níbì kọ̀ọ̀kan, ní ìgbà mẹ́fà. Ooru 45 °C ń túra ìrù díẹ̀, ó sì ń fún ceramide láàyè láti sá kúrò ní ipò ìgbà díẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní oṣù púpọ̀ á yára yọjú. Ẹ fi ìwọ̀nba rẹ̀ sáàárín gíláàsì méjì lábẹ́ máíkíróskóòpù tó ní polarizer (asẹ́ ìmọ́lẹ̀) méjì tó dábùú ara wọn. Àwọn òbìrí kéékèèké tó ní àgbélébùú dúdú nínú dára, ọ̀rá tó tò ní ìpele ni. Abẹ́rẹ́ tàbí pẹpẹ tó ń tàn, tí etí rẹ̀ gún régé, ni kírísítálì. Láti mọ̀ bóyá ti ceramide ni àbí ti behenic acid, ẹ mú gíláàsì náà gbóná díẹ̀díẹ̀: behenic acid fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní 80 °C. Èyí tó bá ṣì wà lẹ́yìn tó ti kọjá ibẹ̀ kì í ṣe behenic acid.

Tí abẹ́rẹ́ bá ṣì yọ, ẹ má fi omi kún un, ẹ má sì kàn fi ooru kún un. Ẹ dín NP kù sí ìdajì, kí ẹ fi ceramide irú mìíràn, bíi NS tàbí AP, rọ́pò ìdajì tí ẹ yọ, kí gígùn ìrù wọn má ṣe dọ́gba. Mólékù tí gígùn wọn yàtọ̀ kì í tètè rí ọ̀nà tò sínú kírísítálì kan náà, awọ ara pàápàá sì ní ju irú ceramide mẹ́wàá lọ. Ẹ tún cholesterol àti behenic acid ṣírò pẹ̀lú ìwúwo mólékù irú tuntun náà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti 90 °C lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìpara tó ti ní yanrìn ní tiẹ̀ ṣì lè padà dán tí ẹ bá tún un gbé gbóná, àmọ́ irúgbìn rẹ̀ kò ní kú ní 75 °C.